Ọ̀nà oko wa ti bàjẹ́: ibo la ti lè rówó tún un ṣe?

ỌmọOníkòkó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Abúlé wa wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, nínú igbó kòkó. Láti ẹnu títì ọlọ́dà dé ọ̀dọ̀ wa kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án lọ, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọkọ̀ kì í wọlé mọ́. Ọlọ́kadà nìkan ló kù, iye tó bá sì wù wọ́n ni wọ́n ń pè. Nígbà ìkórè tó kọjá, owó tí wọ́n ń gbà lórí àpò kòkó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ọkọ̀ ń gbà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Aboyún kan rọbí lórí ọ̀kadà, Ọlọ́run ló kó o yọ.

Àwọn ọ̀dọ́ ti ṣèpàdé. Àwọn kan ní ká dáwó, àwọn kan ní ká lọ bá alága káńsù, ẹnì kan ní Báńkì Àgbáyé ń ṣe ọ̀nà oko. Baálẹ̀ wá ní kí n bá àwọn wádìí. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí nínú yín? Kí la máa kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ̀gbọ́nKáńsù:
Ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀ka tó ń rí sí títì àti gọ́tà ní káńsù ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni n óò sọ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀nà náà. Tó bá jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, FERMA, àjọ tó ń tún ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ṣe tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2002, ló ń tọ́jú ẹ̀, káńsù ò ní dá yín lóhùn. Tó bá jẹ́ ti ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ kọmíṣọ́nnà lẹ ń lọ. Ọ̀nà oko bíi tiyín, ti káńsù ni. Ó wà nínú àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 pé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti la ọ̀nà, kó sì máa tọ́jú ẹ̀. Nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọ̀nà Nàìjíríà ló wà lọ́rùn káńsù, bẹ́ẹ̀ káńsù yìí kan náà ni apá ẹ̀ kúrú jù. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn kẹ́ ẹ tó lọ bá wọn.

Èkejì, ẹ má lọ tọrọ "ọ̀nà". Mo ti rí lẹ́tà tó ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe ọ̀nà wa" tó kún kọ́bọ́ọ̀dù. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí yóò fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ṣe. Ọ̀nà kìlómítà mẹ́sàn-án kì í bàjẹ́ tán láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wá ọ̀kadà tí míítà ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kí ẹni méjì bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu títì, kí wọ́n máa dúró níbi gbogbo tí ọkọ̀ ti ń rì, kí wọ́n kọ ohun tí míítà sọ, kí wọ́n ya fọ́tò, kí wọ́n sì kọ ohun tó ń ṣe ibẹ̀: ṣé omi ló ń gba orí ẹ̀ kọjá ni, àbí ilẹ̀ amọ̀, àbí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ jù? Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé ibi bíi mélòó kan péré ló ń ti ọkọ̀ mọ́ta. Ibẹ̀ lẹ máa wówó sí, kì í ṣe kìlómítà mẹ́sàn-án.

ỌmọÒkèÒgùn:
Ẹ má bínú o, ọ̀rọ̀ yìí ń ká mi lára ni. Kí ló dé tí mẹ̀kúnnù á tún máa dáwó ọ̀nà? Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024 pé kí owó káńsù máa bọ́ sọ́wọ́ káńsù tààrà, kí gómìnà má fọwọ́ kàn án mọ́. Owó wà ńbẹ̀! Ẹ kó ara yín jọ, ẹ lọ bá alága. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde ní 1968, owó orí nìkan kọ́ ni wọ́n torí ẹ̀ jà. Títún ọ̀nà abúlé ṣe wà lára ohun tí wọ́n béèrè. Àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan náà la ṣì ń sọ.

Ẹ̀gbọ́nKáńsù:
Àbúrò, o ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ lọ́tọ̀, owó lápò lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lowó káńsù ti ń gba inú àpò àjùmọ̀ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọjá, owó oṣù tíṣà pírámárì àti owó ìfẹ̀yìntì ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń yọ. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀nà, ọjà, oríṣiríṣi. Ẹ lọ bá alága, mo fara mọ́ ọn. Ẹ kàn má torí ìdájọ́ yẹn káwọ́ gbera títí òjò á fi dé.

Ohun kan tẹ́ ẹ lè béèrè lọ́wọ́ káńsù tí kò ní nira fún wọn: katapílà. Káńsù mìíràn ní katapílà tó kàn jókòó sọ́gbà, owó epo dísẹ̀lì àti ti awakọ̀ ẹ̀ ni kò sí. Abúlé tó bá ní àwọn á ra epo, àwọn á bọ́ awakọ̀, wọ́n lè yọ̀ǹda ẹ̀ fún wọn fọ́jọ́ mélòó kan. Lórí ìwé ni kẹ́ ẹ ti ṣe àdéhùn o, kí ẹnì kan má baà gbé e lọ sóko ti ara ẹ̀.

InjiníàIgbó:
Kẹ́ ẹ tó náwó lórí katapílà, ẹ gbọ́ tèmi. Omi ló ń ba ọ̀nà ilẹ̀ jẹ́, kì í ṣe ọkọ̀. Ẹ ti rí i rí: wọ́n á kó yẹ̀pẹ̀ pupa wá, wọ́n á dà á sójú kòtò, katapílà á tẹ́ ẹ, wọ́n á yàwòrán, ó parí. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti gbé e lọ. Ọ̀nà gbọ́dọ̀ ga láàárín bí ẹ̀yìn ìjàpá kí omi lè ṣàn sí ẹ̀gbẹ́, kí gọ́tà wà lápá méjèèjì, kí gọ́tà ọ̀hún sì máa yà sínú igbó lóòrèkóòrè kí omi tó kó agbára jọ. Bí yẹ̀pẹ̀ bá wọlé, ẹ fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ní ìpele-ìpele nígbà tó ṣì ní ọ̀rinrin díẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí wọn ò tẹ̀, ẹrẹ̀ ọ̀la ni.

Níbi tí odò kékeré ti gba ojú ọ̀nà kọjá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta afárá ńlá fún yín. Tó bá jẹ́ odò tó máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, ẹ lè fi òkúta àti kọnkéré tẹ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ kó le, kí omi máa gba orí ẹ̀ kọjá, kí ọkọ̀ náà máa gba orí ẹ̀ kọjá bí omi bá ti fà. Owó ẹ̀ kò tó ìdajì ìdajì ti afárá. Níbi tí omi ti ń ṣàn lọ́dún yíká, ẹ ri kọ́fáàtì síbẹ̀, ìyẹn òrùka kọnkéré tí omi ń gba inú ẹ̀ kọjá lábẹ́ ọ̀nà. Àwọn bíríkìlà wa mọ bí wọ́n ṣe ń da òrùka kọ́fáàtì lórí ilẹ̀, àfi kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n mọ ògiri sí ẹnu ẹ̀ lápá méjèèjì. Kọ́fáàtì tí kò ní ògiri lẹ́nu, omi á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹun títí òrùka á fi dá dúró láàárín odò. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ibi, ó máa ń ṣe mí láàánú.

Gọ́tà gbígbẹ́, igbó ṣíṣán kí oòrùn lè máa gbẹ ojú ọ̀nà, òkúta kíkó: ìyẹn ò gbà yín lówó. Ọ̀wẹ̀ ni.

MàmáElépo:
Ẹ ṣeun, Injiníà. Lábúlé tiwa, àwa obìnrin la kó òkúta odò, nítorí àwa là ń ru epo kọjá níbẹ̀. Nígbà tó wá kan owó, àwọn ọkùnrin nìkan ló jókòó sí ìpàdé, orí ọ̀nà tó lọ sí gbọ̀ngàn ni wọ́n fẹ́ ná an sí! Ìyálọ́jà ló dìde. Ẹ fi obìnrin méjì ó kéré tán sínú ìgbìmọ̀, kẹ́ ẹ sì fún ọ̀kan ní ipò akápò. Ọ̀rọ̀ mi ò jù báyẹn lọ.

TíṣàÈkìtì:
Màmá, ẹ káre. Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí wà nínú ìlànà CSDP, ètò ìdàgbàsókè ìlú tí Báńkì Àgbáyé ti fowó sí tẹ́lẹ̀, tó parí ní 2021. Ìlú ló máa jókòó kọ ètò ìdàgbàsókè ti ara ẹ̀, wọ́n á yan ìgbìmọ̀ tọkùnrin tobìnrin, ìlú á wá mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye owó iṣẹ́ wá, ì báà ṣe lówó, ì báà ṣe òkúta, yanrìn àti iṣẹ́ ọwọ́. Owó yòókù á wọ àpò báńkì tí ìlú fúnra ẹ̀ ṣí. Kọ́fáàtì, kànga, ilé ìwé, ọ̀pọ̀ ìlú ló fi ṣe é.

Ètò tó gba ipò ẹ̀ ni NG-CARES, tí Báńkì Àgbáyé kọ́kọ́ fi $750 mílíọ̀nù sí. Ìlànà tiẹ̀ yàtọ̀: ìpínlẹ̀ ló máa kọ́kọ́ náwó, bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé iṣẹ́ wà nílẹ̀, Báńkì Àgbáyé á san án padà. Nítorí náà ìpínlẹ̀ tó bá ń lọ́ra láti náwó, kò sóhun tẹ́ ẹ máa rí. Ẹ béèrè ọ́fíìsì CSDA, àjọ tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìlú ní ìpínlẹ̀ yín. Ìwé ètò ìdàgbàsókè yẹn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí bí wọn ò tiẹ̀ tíì béèrè ẹ̀. Ìlú tí ìwé ẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lóhùn, ìyẹn ni mo rí.

Akọ̀wéCDA:
Ẹni tó dárúkọ Báńkì Àgbáyé ní ìpàdé yín, RAAMP ló ń sọ, ètò tó ń ṣe ọ̀nà oko àti ọjà irè oko. Báńkì Àgbáyé yá Nàìjíríà ní $280 mílíọ̀nù fún un ní 2020, ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé fi $230 mílíọ̀nù sí i. Oǹdó, Ọ̀yọ́, Ògùn, Kwara àti Kogi wà lára ìpínlẹ̀ tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ọ̀ṣun ti jẹ nínú èyí tó ṣáájú ẹ̀, RAMP-2.

Abúlé kì í kọ̀wé sí Báńkì Àgbáyé o. Ìpínlẹ̀ ló ń yan ọ̀nà, ohun tí wọ́n sì ń wò ni ọ̀nà tó so ibi tí irè oko pọ̀ sí mọ́ ọjà. Wọ́n ní kí ìpínlẹ̀ fi òfin dá àjọ ọ̀nà ìgbèríko àti àpò owó ọ̀nà sílẹ̀, kí ọ̀nà tí wọ́n bá ṣe má baà tún bàjẹ́ láìsí ẹni tó ń bójú tó o. Àjọ yẹn ni kẹ́ ẹ lọ bá ní Àkúrẹ́. Ẹ má ka ìṣòro fún wọn, iye àpò ni kẹ́ ẹ kà. Abúlé mélòó ló ń lo ọ̀nà náà, àpò kòkó mélòó ló ń gba ibẹ̀ jáde lọ́dún, ọjà wo ló ń lọ. Àwọn tó ń ra kòkó mọ iye àpò, ìwé wọn wà lójú ìwọ̀n.

Bí abúlé mẹ́fà bá ń lo ọ̀nà kan, kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ buwọ́ lùwé. Àti pé, ẹ forúkọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹgbẹ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí, báńkì ò ní ṣí àpò fún un.

ỌmọOníkòkó:
Ẹ ṣé gan-an ni. Ìbéèrè méjì. Ẹnì kan ní ká ta okùn sójú ọ̀nà, kí ọkọ̀ àti ọ̀kadà máa san owó kó tó kọjá. Ṣé ó dáa? Èkejì, aṣojú wa l'Ábùjá ṣèlérí ọ̀nà yìí nígbà ìpolongo ìbò. Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ó ti fi sínú ìṣúná?

AkápòẸgbẹ́:
Ẹ má ta okùn kankan! Òfin àpapọ̀ ti wà láti 1998 tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ojú ọ̀nà torí àtigba owó orí tàbí owó ìdáwó. Yàtọ̀ sí òfin, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó dúró nídìí okùn á máa já owó sápò, ọlọ́kadà á sì kàn fi owó ọ̀hún lé ẹrù yín.

Ohun tó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa ni owó orí àpò. Gbogbo àgbẹ̀ jọ fẹnu kò lórí iye kékeré kan fún àpò kọ̀ọ̀kan. Ojú ìwọ̀n ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ẹni tó ń ra kòkó á kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, á fún àgbẹ̀ ní rìsíìtì, á sì san àpapọ̀ ẹ̀ sínú àpò ẹgbẹ́ ní báńkì lóṣooṣù. Ó rọrùn fáwọn èèyàn nítorí ìgbà tówó wọlé ni wọ́n ń san án, àti nítorí pé ẹni tó ní àpò ogún san ju ẹni tó ní méjì lọ. Owó orí ilé, tí opó àti olówó ń san bákan náà, ariwo ló máa ń bí. Ọdún 2024 tí kòkó fò kọjá $10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan lọ́jà àgbáyé ló yẹ ká ti dá tiwa sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ọdún owó kì í rántí ọdún òjò.

Ẹni mẹ́ta ni kó máa buwọ́ lu ìwé kí báńkì tó sanwó. Bí owó bá wọlé tàbí jáde, kí akọ̀wé lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti ìsọ̀ Ìyálọ́jà. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o! Lọ́dọ̀ wa, ìgbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibì kan ṣoṣo, òru ọjọ́ kan ni ìwé pòórá.

OjúLalákàn:
Lórí ìbéèrè kejì. Iṣẹ́ àkànṣe àwọn aṣòfin máa ń wà nínú ìṣúná àpapọ̀, gbogbo èèyàn ló lè kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń wá a lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọ̀nà, ẹ lè má rí i. Wọ́n máa ń fi ọ̀nà abúlé sábẹ́ àjọ tí kò jọ ti ọ̀nà rárá. Ẹ wo abẹ́ àwọn àjọ agbègbè odò: Benin-Owena ló ń bójú tó Oǹdó àti Èkìtì, Ogun-Oshun ló wà fún àwọn ará Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Ògùn àti Èkó. Ẹ tẹ orúkọ ìlú yín àti ti ìjọba ìbílẹ̀ yín síbi ìwákiri, kẹ́ ẹ dán oríṣiríṣi sípẹ́lì wò.

Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ béèrè ìwé àdéhùn iṣẹ́ náà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì. Tracka, iṣẹ́ àwọn BudgIT, ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ ìṣúná ìjọba, máa ń tọpa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n á sì bá yín pariwo. Bẹ́ ò bá rí i, a jẹ́ pé ìlérí ẹnu lásán ni. Ìyẹn náà, ìmọ̀ ni.

Ti ìpínlẹ̀ àti káńsù: ẹ má dúró di oṣù Kejìlá. Ìparí ọdún ni gómìnà ń gbé ìṣúná lọ síwájú ilé aṣòfin, nígbà yẹn wọ́n ti pín owó tán. Láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án ni kí ìwé yín ti débẹ̀, bí wọ́n bá sì ṣe ìpàdé ìtagbangba lórí ìṣúná, kí ẹnì kan dìde sọ̀rọ̀ kí akọ̀wé wọn lè kọ ọ́ sílẹ̀.

ỌmọKétu:
Mo kí yín láti Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Níhìn-ín, kọ́múùnù ló ń bójú tó ọ̀nà oko, ìjọba orílẹ̀-èdè sì máa ń fi owó ránṣẹ́ sí i. FADeC ni wọ́n ń pe àpò owó náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Bí ọ̀nà ẹnikẹ́ni nínú yín bá wá títí dé ẹnu ibodè, ẹ má gbàgbé pé àwọn tó ń ra ọjà lápá ibí náà ń jàǹfààní ẹ̀. Àwọn oníṣòwò ibodè máa ń dá sí i tí wọ́n bá fi ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe hàn wọ́n.

ÀbúròLọ́ńdọ̀nù:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ má gbàgbé àwa tá a wà lókè òkun. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé "ẹ ràn wá lọ́wọ́" ṣá. Ibi kan pàtó ni kẹ́ ẹ fi hàn wá: kọ́fáàtì ìsọdá kejì, iye òrùka, iye àpò sìmẹ́ńtì, fọ́tò. A máa ń dáwó sí ohun tá a lè rí.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bá ti forúkọ sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ aláàánú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àǹfààní kan tí ọ̀pọ̀ ò lò, Gift Aid. Bí ẹni tó ń san owó orí níbí bá fi pọ́n-ùn kan ta wọ́n lọ́rẹ, ìjọba á fi pẹ́ńsì 25 kún un. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ dáwó lowó náà ṣe, nítorí náà rìsíìtì yín nílé ló máa gbà wá níbí. Ẹni tó bá ń kó sìmẹ́ńtì láìgba rìsíìtì ń ba tọ̀túntòsì jẹ́.

ỌmọÒkèÒgùn:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Mi ò yí ọ̀rọ̀ mi padà o: ojúṣe ìjọba ni. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá máa dáwó, ẹ kọ gbogbo kọ́bọ̀ àti gbogbo ọjọ́ ọ̀wẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi síwájú alága pé "ipa tiwa rèé, tiyín dà?" Kó má baà jẹ́ pé ní ìbò tó ń bọ̀, ẹnì kan á wá kọ orúkọ ara ẹ̀ sára kọ́fáàtì tẹ́ ẹ fowó yín rì.

Ẹ̀gbọ́nKáńsù:
Háà, ọ̀rọ̀ nìyẹn! Ẹ fi ìka kọ orúkọ abúlé àti ọdún sára ògiri ẹ̀ nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù.

ỌmọOníkòkó:
Ẹ kú ìmọ̀ràn. A ti gun ọ̀kadà yípo ọ̀nà náà. Òótọ́ lẹ sọ, ibi mẹ́rin péré ló bàjẹ́ gan-an: ìsọdá odò méjì, ọ̀kan ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, èkejì kì í gbẹ, ibi amọ̀ kan tí kò tó ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan tí omi ti gbẹ́ àárín ẹ̀ bíi kòtò. Ìpàdé fẹnu kò pé ọ̀wẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lórí gọ́tà àti igbó ṣíṣán, owó orí àpò á bẹ̀rẹ̀ nígbà ìkórè, a ó fi ṣe odò tó ń gbẹ yẹn fúnra wa. Kọ́fáàtì la fẹ́ bẹ àwọn ọmọ ìlú lókè òkun fún. Ibi amọ̀ àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, a fẹ́ kọ̀wé sí káńsù fún katapílà. Baálẹ̀ abúlé márùn-ún ló máa buwọ́ lù ú. Kí ni ká ṣọ́ra fún nínú lẹ́tà yẹn?

Ẹ̀gbọ́nKáńsù:
Kó má ju ojú ìwé méjì lọ. Ojú kìíní: ibi méjèèjì, ohun tí míítà sọ, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ lọ́wọ́ wọn, àti ohun tí ẹ̀yin fúnra yín máa ṣe. Ojú kejì: fọ́tò. Ẹ kọ ọ́ sí alága, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ yín àti sí olórí ẹ̀ka iṣẹ́, torí òun ni alága máa sọ lẹ́tà náà fún. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí akọ̀wé wọn lu òǹtẹ̀ mọ́ ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tó gbà á, kẹ́ ẹ mú ìyẹn padà wálé. Lẹ́tà tí kò bá lóǹtẹ̀, wọn á ní àwọn ò rí i rí.